Ojú Ọkọ̀ Tí N Kò Kùn

Òórùn òrí tí wọ́n yọ́ mọ́ kóòtà tí wọ́n fi ń ṣe títì ló máa ń kọ́kọ́ dé bá mi. Bí o kò bá tíì dúró rí níbi tí wọ́n ti ń se méjèèjì pọ̀ nínú agolo tó ti dípẹtà, nínú ọyẹ́, nígbà tí imú ti gbẹ tí ètè ti là, n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ. Kò ta sánsán, kò sì rùn. Á kàn há ọ lọ́fun, á wọ inú ẹ̀wù rẹ, ọṣẹ kì í sì í ràn án. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà Òmùpo tí mo bá àwọn tó ń dí kòtò títì, inú á kọ́kọ́ bí mi ná, lẹ́yìn náà ni n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó ń bí mi nínú.

Abúlé wa wà lẹ́yìn Òmùpo, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí Ṣàárẹ́. Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín bí mo bá ní ará Ìgbómìnà ń fi ọkọ̀ ojú omi díje. Àgbẹ̀ oníṣu ni wá lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò tilẹ̀ mọ omi í wẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá bàbá mi fẹ́ ọmọ Tápà kan láti etí odò Ọya, àwọn ẹbí ìyàwó náà ló sì kọ́ ilé wa ní ọkọ̀ kíkàn. Nígbà tí ìjọba wá dí odò wa tó di adágún ńlá, ohun tí wọ́n fi ń ṣe wá ní yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí gbogbo abúlé ń fi yangàn. Ilé méjì mìíràn náà kan ọkọ̀ tiwọn. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ abúlé tó wà nídàálẹ̀ bá ti dé, ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jáde sórí omi. Ẹ̀bùn kankan kò sí níbẹ̀. Ilé tó bá borí á máa yan kiri títí ọdún á fi yípo, ìyẹn sì tó wa.

Ọkọ̀ ilé wa gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, pákó ìrókò ni. Àwọn tó ń fi àjẹ̀ wà á á jókòó ní méjì méjì, ẹnì kan ṣoṣo á wà ní ìdí, òun ló ń tọ́ ọ. Bàbá mi ló ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àṣà kan sì wà tí ìyá àgbà Tápà náà mú wá: ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, níwájú níbi tó ti ń la omi. Ẹni tí yóò bá tọ́ ọ lọ́dún yẹn ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ojú náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ẹsẹ̀ bọ inú ọkọ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá la ojú ọkọ̀ ni ọkọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, bí ẹnì kan bá sì ti là á, kò sẹ́ni tó tún lè là á mọ́ títí di ọdún mìíràn. Àlùfáà wa kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n òun náà kì í pẹ́ dé etí omi láti wá wò ó. Funfun ni bàbá mi máa ń kọ́kọ́ kùn. Tó bá gbẹ, á ti àtàǹpàkò bọ ọ̀dà dúdú, á tẹ̀ ẹ́ sí àárín.

Nígbà tí bàbá mi kú, a da ọkọ̀ náà dé sábẹ́ igi igbá lẹ́yìn ilé, ó sì wà níbẹ̀ títí koríko fi hù yí i ká. Kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ni wọ́n dà dé. Ìwọ náà mọ bí agbo ilé ṣe ń rí. Kò sẹ́ni tó na ìyá mi, kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn ń gbàgbé rẹ̀ ni. Wọ́n á pín ẹran ìsọmọlórúkọ, tiwa á kẹ́yìn. Ẹbí á ṣe ìpàdé, ẹnu aládùúgbò la ó ti gbọ́. Ojúlé tí ẹni ìdí ọkọ̀ bá ti jáde ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ nílé wa, àwa kò sì ní ẹni ìdí ọkọ̀ mọ́. Ìyá mi kì í ráhùn. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń tọrọ ni pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òun rí ọmọ òun lórí ìjókòó bàbá rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun tó lọ.

Bàbá Kékeré ló dá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Àbúrò bàbá mi ni. Àwọn méjèèjì jọ wa ọkọ̀ yẹn nígbà èwe wọn, òun níwájú, bàbá mi nídìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ti ń dùn ún nígbà tí mò ń wí yìí, kò lè di àjẹ̀ mú mọ́. Mo wá kí ìyá mi láti Èsìẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe káfíńtà, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, ni ó bá wọlé tọ̀ wá wá.

"Ọkọ̀ bàbá ẹ ò gbọdọ̀ jẹrà síbẹ̀ yẹn," ó ní. "Wá ká jọ tún un ṣe nínú ọyẹ́ yìí. Tí Iléyá bá dé, ìwọ lo máa tọ́ ọ."

Ìyá mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ ṣeun o, Bàbá. Ọlọ́hun á ṣàánú yín." Ojú rẹ̀ tàn lọ́nà tí n kò rí i kó tàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ jáde. Mo lọ ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Èsìẹ́, mo kó ayùn àti ìfági mi sẹ́yìn ọ̀kadà, mo padà wálé.

N kò gbádùn iṣẹ́ kankan tó ìyẹn rí láyé mi. Mo fẹ́ kó o mọ ìyẹn ná, kó o lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi korò tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi. Ní àràárọ̀, a ó ti kírun tán, a ó jókòó ti iná igi tí a fi ń yá ọwọ́, Bàbá Kékeré á bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi nínú ife tirẹ̀ gan-an. A gbé ọkọ̀ náà sórí igi, a dà á dé, a sì fi àfọ́kù ìgò àti sáńpépà há ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti kọjá ló wà níbẹ̀, pupa lábẹ́ àwọ̀ ewé, búlúù lábẹ́ pupa. Bàbá Kékeré á máa nawọ́ sí wọn: èyí ni ọdún tí wọ́n sọ ẹ lórúkọ, èyí ni ọdún tí a ṣubú sómi tí bàbá ẹ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo há a dé iwájú, mo bá ojú tí bàbá mi kùn kẹ́yìn. Ìlà àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà nínú dúdú rẹ̀. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi lé e, ó bá a mu.

"Há a dànù," Bàbá Kékeré ní, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ojú tìẹ ló kàn."

Mo há a dànù. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo gbára lé tí mo fi há ojú bàbá mi dànù.

Ọyẹ́ ti fa pákó yẹn gbẹ débi pé bí o bá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ́sàn-án, oòrùn á máa gba àárín pákó méjì wọlé sí ọ lójú. Òwú àràbà la fi ń dí i. A ó tẹ òwú náà bọ inú òrí àti kóòtà tí a yọ́, a ó wá fi igi pẹlẹbẹ tì í sí àlàfo. Káfíńtà ilẹ̀kùn ni mí. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ihò kò gbọdọ̀ kù. Mo ń gbá a wọlé kíkankíkan, ni Bàbá Kékeré bá gbá mi lọ́wọ́.

"Má dí i pa! Òùngbẹ ló ń gbẹ pákó yìí. Tó bá dé omi, á mu ún, á wú. Tó ò bá fi àyè sílẹ̀ fún un, á fọ́ ara ẹ̀. Fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, omi á dí ìyókù."

"Tí èèyàn ò bá wá fi òwú sí i rárá ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn á rí ìsàlẹ̀ adágún ná."

Kíkùn rẹ̀ tún jẹ́ wàhálà lọ́tọ̀. Eruku ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ ní mímọ́. Bí o bá kùn ún tán, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti di ògiri alámọ̀. Èmi ni mo ronú kan nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wa ní ilé ìwòsàn. Mo gba ti ìyá mi, mo gba ti àwọn aládùúgbò, mo rán wọn pọ̀, mo fi bo ọkọ̀ náà látòkèdélẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá lọ oko á dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ibà ń ṣe ọkọ̀ ni?" Bàbá Kékeré á dá wọn lóhùn pé aboyún ni, kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀. Àwọ̀ ewé ni a kùn ún, a fi ìlà òféèfèé yí i ká létí. Níwájú, mo fi ìdérí agolo mílíìkì fa òbírípo méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, n kò sì jẹ́ kí ọ̀dà kankan kàn wọ́n. Àyè ojú nìyẹn. Lójoojúmọ́ tí mo bá ṣí nẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ìyá mi ra àǹkárá tuntun, àwọ̀ ewé, ó ní kó lè bá ọkọ̀ mu. Ó gbé e fún aránṣọ, ó sì rí i dájú pé gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà mọ ohun tó fẹ́ fi rán. Mo ní, "Ìyá, ẹ rọra o, ẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣẹ̀fẹ̀."

"Jẹ́ n yọ̀," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti yọ̀ gbẹ̀yìn."

Òjò rọ̀, adágún kún, Iléyá dé. Ọmọkùnrin tí Bàbá Kékeré bí gan-an dé láti Ìlọrin, níbi tó ti ń ta fóònù. A jọ dàgbà ni, èèyàn dáadáa sì ni, ọlọ́yàyà, ẹni tí gbogbo àwọn ìyàwó ilé máa ń sáré pàdé nítorí ó mọ èèyàn án kí. Kò fọwọ́ kan ìgò kan kó fi há ọ̀dà ní gbogbo ọyẹ́. Àwòrán ọkọ̀ náà ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, á sì fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. A jọ jẹ ẹran Iléyá nínú abọ́ kan náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo kí ìrun àsùbáà, mo mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan, mo mú ọ̀dà funfun àti dúdú, mo forí lé etí omi. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Mo ti ń ronú bí n óò ṣe ti àtàǹpàkò bọ ọ̀dà. Mo yọ sí i láti apá iwájú, ọkọ̀ náà sì ń wò mí. Ojú ti wà lára rẹ̀. Wọ́n kùn ún dáadáa, ó mọ́, ó yí róbótó, ẹni tó kùn ún tilẹ̀ fi ìpéǹpéjú sí i bíi ti ìyàwó tuntun. Inú òbírípo tí mo fà ló kùn ún sí, kò yà kúrò lórí ìlà rárá. Ọmọ Bàbá Kékeré dúró tì í, ọ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi fóònù ya ara rẹ̀ àti ọkọ̀.

"Ta ló kun ojú yìí?"

"Èmi ni. Bàbá ní kí n kùn ún. Ṣé ó dáa?"

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ nípa ìlérí náà àbí kò mọ̀. Mi ò bi í. Mo wá Bàbá Kékeré lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ síbi tí wọ́n kó àjẹ̀ jọ sí, ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àjẹ̀ tí àwa méjèèjì ti jọ yẹ̀ wò.

"Bàbá, kí ni mo ṣe?"

Kò gbójú sókè. "O ò ṣe nǹkan kan. Ó fẹ́ máa wálé déédéé báyìí, mo fẹ́ kí ilé mọ̀ ọ́n. Ṣe sùúrù. Tìẹ á dé lọ́dún tó ń bọ̀." Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀ mí: "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì."

Gbogbo ọyẹ́ ló fi pè mí ní ọmọ òun. Òwe kan ṣoṣo, mo di ọmọ ẹlòmíì. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n ju ọ̀dà ọwọ́ mi sínú adágún, kí n gba oko lọ sí Èsìẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti yíjú, mo rí aṣọ àwọ̀ ewé láàárín àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti òkè, ìyá mi ló wà níwájú wọn. Bí mo bá lọ, yóò dé etí omi, kò ní rí mi rárá, gbogbo ẹni tó ti ròyìn fún á sì máa wò ó. Mo ki ọ̀dà náà sẹ́yìn òkúta kan. Mo mú àjẹ̀ kan, mo sì lọ jókòó sáàárín.

A borí. Ṣé o rò pé n óò sọ pé ọkọ̀ náà kò gbọ́ràn sí ọmọ Bàbá Kékeré lẹ́nu? Rárá o. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé. Pákó mu omi, wọ́n wú, wọ́n pàdé ara wọn bí Bàbá Kékeré ṣe sọ gẹ́lẹ́. Níbi òpó tí wọ́n rì sáàárín adágún, tí a ti ń yí padà, ẹni ìdí ọkọ̀ ṣi àjẹ̀ fì, ọkọ̀ fẹ́ẹ́ yà, àwa tó wà láàárín la fi ọwọ́ wa gbà á padà. Mo fi gbogbo ara wà á. N kò lè bá ọkọ̀ bàbá mi ṣọ̀tá. Nígbà tí a gúnlẹ̀, wọ́n gbé ọmọ Bàbá Kékeré sórí èjìká, ìyá rẹ̀ ń jó.

Ìyá tèmi dúró lójú kan. Mo ń wò ó bí a ṣe ń sún mọ́ etí omi. Ìdí ọkọ̀ ló kọ́kọ́ wò, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì, títí ó fi kàn mí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó jù ú sí mi. Ó tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni. Ì bá sunkún, ì bá ké mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀.

Nílé, ó gbé iyán fún mi. "O wà á dáadáa," ó ní. Ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a, ó fi sísàlẹ̀ àpótí, n kò sì rí i lára rẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Kékeré tún ní kí n ṣe sùúrù. Lọ́dún tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, mi ò lọ sílé Iléyá mọ́. Ìyá mi ló ń wá bá mi ṣe é ní Èsìẹ́. Kò dárúkọ ọkọ̀ mọ́ nínú àdúà rẹ̀. Mo máa ń tẹ́tí sí i bóyá yóò dárúkọ rẹ̀.

Ó kú lójijì, nínú òjò tó kọjá yìí. Nígbà tí a ń kó ẹrù rẹ̀ tí a ó fi ṣe sàráà, mo bá àǹkárá náà nísàlẹ̀ àpótí, ó ṣì le bíi tuntun. Mo yọ ọ́ sọ́tọ̀. Bàbá Kékeré wà níbi ìsìnkú, ó jókòó láàárín àwọn àgbà, ó ṣe àmín sí àdúà, ó sì lọ sílé.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó ṣì dùn létí mi. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. "Ọmọ mi," ó ní, "ọkọ̀ bàbá ẹ ti là. Oòrùn ń gba inú ẹ̀ kọjá. Èyí tó wà ní Ìlọrin ò wálé mọ́. Wá tún un ṣe. Wàláhì, lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ lo máa tọ́ ọ."

"Bàbá, ẹni tí mo fẹ́ kó rí mi níbẹ̀ ò sí mọ́."

Mò ń gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró dè é. Mo rò pé yóò mẹ́nu ba ìyá mi, kó tilẹ̀ ní ó dun òun, tàbí kó kàn pe orúkọ rẹ̀ lásán. Ká ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti kó ayùn mi sẹ́yìn ọ̀kadà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun tó wá sọ ni pé, "Ta ló máa wá bá wa dí i báyìí?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Nínú ọyẹ́ yẹn, nídìí iná yẹn, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná nínú ife rẹ̀, èmi rò pé mo tún rí bàbá. Òun, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló rí.

Mo ní kí wọ́n gbé e sómi bẹ́ẹ̀, láìfi òwú sí i.

"Omi á dí ìyókù, Bàbá," ni mo sọ fún un.